Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Já Ọmọ Ẹran Lẹ́nu Ọmú?

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀rọ̀ owó ni. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé àwọn ọmọ wa ni. Ìbéèrè náà nìyí: ọjọ́ wo ló yẹ ká gba ọmú lẹ́nu ọmọ ẹran tí à ń sìn?

Ẹ wo àdúgbò wa láti ọ̀nà Kpalimé wọ inú. Ní ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ilé, ẹ ó rí ewúrẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ ó rí àgùntàn lábẹ́ igi. Púpọ̀ nínú wọn, obìnrin ló ni wọ́n. Ẹran yìí ni àpótí owó wa. Bí ọmọ bá ṣàìsàn, a ta ọ̀kan. Bí ilé ìwé bá wọlé, a ta ọ̀kan. Bí òkú bá kú, a pa ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Nínú ọmọ ẹran mẹ́wàá tí a bí sí ilé wa, mélòó ló dàgbà? Nínú àwọn tó kú, mélòó ló kú láàárín oṣù tí a gba ọmú lẹ́nu wọn? Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ yóò rí i pé iye náà kò kéré.

Èrò tiwa nìyí: kì í ṣe àpò owó wa ló yẹ kó dá ọjọ́ tí a ó já ọmọ ẹran lẹ́nu ọmú. Ọmọ ẹran fúnra rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ló yẹ kó dá a. Iṣẹ́ tiwa ni láti wò wọ́n dáadáa, ká kọ ohun tí a rí sílẹ̀, ká sì múra sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.

ÀṢÌṢE MÉJÌ

Àṣìṣe méjì ni à ń ṣe.

Èkíní: a máa ń já ọmọ ẹran lẹ́nu ọmú kí ó tó tó. Owó ká wa mọ́. Oníbàárà dé. Ọmọ ewúrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ń fò sókè, ó ń ṣeré, ojú rẹ̀ ń dán. A rò pé ó ti tó. A tà á. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru mú un níbi tí wọ́n mú un lọ. Ó rù. Ó kú. Ẹni tó rà á pàdánù. Nígbà mìíràn, kò ní padà wá rà lọ́dọ̀ wa mọ́.

Èkejì: a kì í já a lẹ́nu ọmú rárá. A fi ìyá àti ọmọ sílẹ̀ pọ̀ títí. Ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ìyá, ó ṣì ń kúnlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó ń fi orí kan ọmú. Ìyá ń rù. Oyún mìíràn ti wà nínú rẹ̀. Ó ń bọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú oúnjẹ ẹnì kan. Bí ó bá bí, ọmọ tuntun á kéré, wàrà á sì tán lọ́mú ìyá.

Ewu kejì tún wà níbẹ̀. Ọmọ ewúrẹ́ tó jẹ́ akọ lè fún abo lóyún nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè gun arábìnrin rẹ̀. Ó lè gun ìyá rẹ̀ pàápàá. Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ wá lè jẹ́ aláìlera. Abo tó lóyún kí ara rẹ̀ tó gbó lè kú lórí ìkúnlẹ̀.

Nítorí náà, yíyá jù kò dára. Pípẹ́ jù kò dára. Àwọn àgbà wa sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe lè fẹ̀sọ̀ mú un.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ ÌKÙN ỌMỌ ẸRAN?

Ẹni tó bá ti pa ewúrẹ́ rí mọ̀ pé ìkùn rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́rin ni. Èyí tó tóbi jù ni à ń pè ní ṣàkì. Inú ṣàkì ni koríko ti ń rọ̀. Láti ibẹ̀ ni ewúrẹ́ ti ń pọ̀ ọ́ padà sí ẹnu láti jẹ àpọ̀jẹ.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a bí ọmọ ewúrẹ́, ṣàkì rẹ̀ kéré púpọ̀, kò sì tíì lè ṣiṣẹ́. Wàrà tí ọmọ náà ń mu kì í gba inú ṣàkì kọjá. Ó gba ọ̀nà tààrà lọ sínú ìkùn kẹrin. Ìkùn kẹrin yìí ni ọmọ náà fi ń gbé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀.

Báwo ni ṣàkì ṣe ń dàgbà? Oúnjẹ líle ló ń mú un dàgbà. Nígbà tí ọmọ ewúrẹ́ bá pé bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé tọ́ wò. Àwọn ohun alààyè tín-ín-tìn-ìn tí ojú wa kò lè rí á wọ inú ṣàkì rẹ̀. Àwọn ló ń bá a fọ́ koríko sí wẹ́wẹ́. Bí ó ṣe ń jẹ ewé sí i ni ṣàkì ń fẹ̀ sí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mejì: ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń mú ṣàkì tó, oúnjẹ tí ọmọ náà ń jẹ ni. Ọmọ ẹran lè pé oṣù mẹ́ta, kó má tíì tó já lẹ́nu ọmú, bí kò bá rí ewé jẹ. Bí a bá gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ebi ni a fi í sílẹ̀ fún, bí koríko tilẹ̀ kún iwájú rẹ̀.

ÀMÌ MẸ́RIN

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó? Àmì mẹ́rin ni kí ẹ wò.

1. Ọjọ́ orí. Fún ewúrẹ́ kúkurú wa àti àgùntàn wa, oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ló dára. Àwọn oko ńlá kan wà tí wọ́n ń já a ní oṣù méjì. Àwọn yẹn ní oúnjẹ pàtàkì tí wọ́n ń rà fún ọmọ ẹran, wọ́n sì ní dókítà ẹran nítòsí. Ẹni tí kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe bíi tiwọn.

2. Ìwọ̀n. Ẹ wọn ọmọ ẹran ní ọjọ́ tí a bí i. Ẹ fi sínú àpò, kí ẹ fi kọ́ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọjà. Nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọjọ́ ìbí, ó ti ń tó. Bí ó bá jẹ́ kílò 1 àti ààbọ̀ nígbà tí a bí i, ẹ dúró títí yóò fi tó kílò 4 àti ààbọ̀. Àwọn àgùntàn Vogan, tí wọ́n jẹ́ àdàlù àgùntàn kékeré tiwa àti àgùntàn gíga ti ilẹ̀ Sahel, máa ń tóbi ju èyí lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ pé kí ẹ fi ọmọ kọ̀ọ̀kan wé ọjọ́ ìbí tirẹ̀. Ẹ má fi í wé ọmọ ẹran aládùúgbò.

3. Oúnjẹ. Ṣé ó ń jẹ ewé lójoojúmọ́? Ṣé ó ń mu omi fúnra rẹ̀? Ṣé ẹ máa ń rí i tó dùbúlẹ̀ tó ń jẹ àpọ̀jẹ bí àgbà ẹran? Bí ẹ kò bá tíì rí àpọ̀jẹ, ẹ dúró.

4. Ìyá. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Bí egungun ẹ̀yìn bá ti yọ gan-an, ẹ fi oúnjẹ kún tirẹ̀, kí ẹ sì tètè múra láti já ọmọ. Ẹ má rò pé wàrà rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ní bí ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin ni wàrà ewúrẹ́ máa ń pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ó ń dínkù díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tó ń kan ọmú ní oṣù kẹfà, àṣà ló ń ṣe. Oúnjẹ tó ń rí níbẹ̀ kò tó nǹkan.

Bí mẹ́ta péré bá pé nínú àmì mẹ́rin yìí, ẹ wádìí ìkẹrin. Bí ọmọ náà bá ń ṣàìsàn, ẹ má já a lẹ́nu ọmú rárá títí ara rẹ̀ yóò fi yá.

KÍ NI ÀWỌN ẸLẸ́ṢIN LÈ KỌ́ WA?

Ní etíkun wa níhìn-ín, ẹṣin kò pọ̀. Eṣinṣin tsétsé àti àrùn tó ń gbé kiri kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ ní ilẹ̀ igbó àti ilẹ̀ olómi. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ àtijọ́ mọ èyí. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn ni agbára wọn wà. Nínú igbó, ẹṣin wọn kì í lè pẹ́. Ewúrẹ́ kúkurú wa àti àgùntàn kékeré wa lè fara da àrùn náà ju ẹṣin lọ. Ìdí kan nìyẹn tí a fi ń sìn wọ́n níhìn-ín.

Ṣùgbọ́n lókè, ní Nikki ní ilẹ̀ Benin, ẹṣin ṣì níyì. Níbẹ̀ ni àwọn Bàrùbá ti ń ṣe ọdún Gaani, tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń fi ẹṣin ọlọ́ṣọ̀ọ́ dárà níwájú ọba.

Ẹṣin máa ń lóyún fún bí oṣù mọ́kànlá. Bí a kò bá dá sí i, ìyá fúnra rẹ̀ ló máa ń lé ọmọ kúrò lọ́mú nígbà tí ọmọ mìíràn bá kù díẹ̀ kó dé. Àwọn tó ń sin ẹṣin sábà máa ń já ọmọ ẹṣin lẹ́nu ọmú láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà.

Wọ́n mọ ohun kan tí ó yẹ kí a kọ́. Bí a bá ṣàdédé mú ọmọ ẹṣin kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí a sì tì í mọ́ ilé lóun nìkan, á máa ké, á máa sáré, á fi ara gbá ọgbà. Kò ní jẹun. Ó lè ṣe ara rẹ̀ léṣe. Nítorí náà, àwọn tó mọṣẹ́ kì í dá ọmọ ẹṣin kan já. Wọ́n á fi méjì sí ibì kan náà, tàbí kí wọ́n fi àgbà abo ẹṣin oníwà pẹ̀lẹ́ tì í. Wọ́n á jẹ́ kó ti mọ oúnjẹ tí yóò máa jẹ kó tó di ọjọ́ náà.

Ọmọ ewúrẹ́ náà ní ọkàn. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹran tí ẹ̀rù bá ń bà kì í jẹun. Ẹran tí kò bá jẹun, àìsàn ò ní pẹ́ mú un.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ewúrẹ́ yín bí ìbejì ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní. Ẹ mú ìwé àti gègé. Ẹ kọ ọjọ́ náà. Ẹ kọ ìwọ̀n ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ èyí tó jẹ́ akọ àti èyí tó jẹ́ abo.

Ọjọ́ 10 oṣù kìíní: ẹ rí i dájú pé ọmọ méjèèjì mu wàrà àkọ́kọ́ láàárín wákàtí díẹ̀ tí a bí wọn. Wàrà yìí ki, ó sì pọ́n díẹ̀. Ẹ má fún un dànù. Òun ni ààbò àkọ́kọ́ tí ìyá fún ọmọ lọ́wọ́ àrùn.

Ọjọ́ 24 oṣù kìíní: wọ́n pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fi igi ṣe ọgbà kékeré kan tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gba ọmọ, tí kò gba ìyá. Ẹ fi ewé tútù, eèrí àgbàdo díẹ̀ àti omi tó mọ́ síbẹ̀. Bí a kò bá ṣe ọgbà yìí, ìyá ni yóò jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Ọjọ́ 21 oṣù kejì: wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n ń fò, wọ́n ń ṣeré. Ẹ má tà wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí eré wọn tàn yín jẹ.

Ìparí oṣù kẹta: ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìyá àti ọmọ sọ́tọ̀ ní alẹ́. Ní òwúrọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n mu ọmú, kí wọ́n sì wà pọ̀ lójú ọ̀sán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́.

Ọjọ́ 10 oṣù kẹrin: wọ́n pé oṣù mẹ́ta. Ẹ wọ̀n wọ́n. Bí àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, ẹ já wọn. Bí kò bá pé, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, kí ẹ tún wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ mú akọ kúrò láàárín àwọn abo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń mu ọmú lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Akọ tí ẹ kò bá fẹ́ fi ṣe irú, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá.

Ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún: wọ́n pé oṣù mẹ́rin. Kò yẹ kí ìkankan nínú wọn ṣì wà lẹ́nu ọmú mọ́, àfi èyí tí àìsàn ṣe.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá já wọn, ìyá ni kí ẹ mú lọ sí ibòmíràn. Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ níbi tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ dín eèrí ìyá kù fún ọjọ́ díẹ̀ kí wàrà lè gbẹ. Ẹ máa fọwọ́ kan ọmú rẹ̀. Bí ó bá gbóná, tí ó le, tí ó sì ń dùn ún, ẹ pe dókítà ẹran.

Ẹ má ṣe iṣẹ́ mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Ẹ má já a lẹ́nu ọmú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kí ẹ tún gún un lábẹ́rẹ́ ní ọjọ́ kan náà. Ara rẹ̀ kò ní lè gbà á.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yìí ṣe pàtàkì. Àrùn kan wà tí ó máa ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn ní agbo-agbo. Ikun á máa jáde nímú wọn, ẹnu wọn á bó, ìgbẹ́ gbuuru á mú wọn. PPR ni àwọn dókítà ń pè é. Ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1942. Ní ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Abidjan, wọ́n sì fi ọdún 2030 ṣe àfojúsùn láti pa àrùn náà run ní gbogbo ayé. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà. Ààbò tí ọmọ gbà láti inú wàrà ìyá máa ń tán ní bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ìgbà kan náà tí à ń já a lẹ́nu ọmú. Nítorí náà, ẹ béèrè ọjọ́ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ dókítà ẹran kí àsìkò náà tó dé.

KÍ NI A Ó FI RỌ́PÒ WÀRÀ?

Ìbéèrè tó tóbi jù nìyí. Gbígba ọmú lẹ́nu ọmọ kò nira. Ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀ ni iṣẹ́.

Ewé ìyeyè dára. Ewé ọ̀dán dára. Èèpo ẹ̀wà dára. Eèrí àgbàdo dára, ṣùgbọ́n kí ó má pọ̀ jù. Èèpo ẹ̀gẹ́ wà lọ́pọ̀lọpọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí, ṣùgbọ́n májèlé wà nínú rẹ̀ nígbà tó bá tutù. Ẹ sá a sí oòrùn kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fún ọmọ ẹran. Ní Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ ILRI fi hàn pé a lè rin èèpo ẹ̀gẹ́, ká fún omi rẹ̀ jáde, ká sì sá a, bí a ṣe ń ṣe gààrí gan-an. Á di oúnjẹ ẹran tí kò ní tètè bàjẹ́.

Ẹ kíyè sí ọ̀rá. Ọmọ ẹran tí ebi ń pa lẹ́yìn ìjálẹ́nu ọmú máa ń jẹ ọ̀rá tó wà nílẹ̀ ní àdúgbò wa. Ọ̀rá kì í rọ̀ nínú ṣàkì. Ó máa ń dí i ni. Ẹran á máa rù, ikùn rẹ̀ á wú, a kò ní mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ gbá àyíká mọ́ kí ẹ tó tú u sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí pé ohun kan náà ni fún ọmọ ènìyàn. Ní àwọn ọdún 1930, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ń ṣiṣẹ́ ní Accra, ní etíkun kan náà tí a wà yìí. Ó rí àwọn ọmọdé tí ara wọn wú, tí irun wọn pọ́n. Àwọn ìyá tó ń sọ èdè Gã ní orúkọ fún àìsàn náà: kwashiorkor. Àìsàn tó ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé ni. Dókítà náà gbọ́ ohun tí àwọn ìyá ń sọ. Ní ọdún 1935, ó kọ orúkọ náà sínú ìwé àwọn dókítà, gbogbo ayé sì gbà á. Wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ẹ̀kọ nìkan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Kò sí ẹ̀wà, kò sí ẹyin, kò sí ẹja. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6, kí a wá máa fún un ní oúnjẹ gidi pẹ̀lú ọmú títí yóò fi pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

OHUN TÍ ÀWỌN KAN Ń SỌ

Àwọn kan ń sọ pé: "Àwọn bàbá wa kò já ẹran lẹ́nu ọmú. Ìyá ẹran fúnra rẹ̀ ló ń lé ọmọ." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹran ń rìn lọ jìnnà. Akọ ń lọ sí agbo mìíràn. Koríko pọ̀ níbi gbogbo. Lónìí, ilé ti hù sí ibi tí oko wà ní Adidogomé. Ìyá, ọmọ, akọ àti abo, gbogbo wọn ló há sínú ọgbà kan. Bí ilẹ̀ bá ti yí padà, ó yẹ kí ìtọ́jú náà yí padà.

Àwọn mìíràn ń sọ pé: "Mo ní ewúrẹ́ méjì péré. Ibo ni mo ti fẹ́ rí ọgbà kejì?" Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ìdáhùn wa ni àáró. Bí a ṣe ń ṣe àáró lóko, ẹ jẹ́ ká ṣe é fún ẹran. Ìyá kan á gba àwọn ọmọ abo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ní ilé mẹ́ta sọ́dọ̀. Ìyá mìíràn á gba àwọn akọ. Ọmọ ẹran kò ní dá wà, ìyá wọn kò sì ní gbóhùn wọn.

Àwọn kan tún ń sọ pé: "Owó ilé ìwé kò lè dúró de oṣù mẹ́ta." A gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé ìwé kì í wọlé lójijì. Oṣù kẹsàn-án ni. Ẹ jẹ́ ká kà á sẹ́yìn. Bí a bá fẹ́ ta ẹran tó pé oṣù mẹ́jọ ní oṣù kẹsàn-án, oṣù kìíní ló yẹ kí a bí i. Oyún ewúrẹ́ jẹ́ oṣù márùn-ún. Nítorí náà, oṣù kẹjọ ọdún tó ṣáájú ló yẹ kí a mú abo lọ bá akọ. Ẹni tó bá mọ ìwé kà lè ṣe ìṣirò yìí. Ìmọ̀ tí ẹ ń kọ́ ní alẹ́ wúlò níbẹ̀.

Bí a bá já ọmọ ní àsìkò, ìyá á rí ìsinmi kó tó tún bí. Ewúrẹ́ tí a tọ́jú dáadáa lè bí ní oṣù mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ìyẹn ni ẹ̀ẹ̀mẹta ní ọdún méjì.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ọ̀pọ̀ wa ló ń bá ẹlòmíràn sin ẹran, tí a sì ń pín ọmọ rẹ̀. Ìjà máa ń wà níbẹ̀. Ẹni tó ni ìyá ẹran á wá mú ọmọ tirẹ̀ lọ ní oṣù kan ààbọ̀. Bí ọmọ náà bá kú, á ní ẹni tó ń sìn ín kò tọ́jú rẹ̀. Ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé: "A kò ní pín ọmọ ẹran kí ó tó já lẹ́nu ọmú." Kí ẹni méjèèjì fọwọ́ sí i. Ìlà kan yìí lè gba ọ̀rẹ́ là.

Ẹ̀yin ará, àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹran tí ó bá mu ọmú tó lónìí ni yóò di ìyá ẹran lọ́la, tí yóò san owó ilé ìwé, tí yóò ra oògùn. Ẹ má tà á kó tó mọ koríko jẹ. Ẹ má sì jẹ́ kó mu ìyá rẹ̀ gbẹ.

Ẹ ka ìwé yìí sí etí ẹni tí kò tíì mọ ìwé kà nílé yín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ

1. Kí ni ó ń mú ṣàkì ọmọ ewúrẹ́ dàgbà?
2. Àmì mẹ́rin wo ni a ó wò kí a tó já ọmọ ẹran lẹ́nu ọmú?
3. Bí ọmọ ewúrẹ́ bá wọn kílò 1 nígbà tí a bí i, kílò mélòó ni a ó retí kí a tó já a?
4. Ewúrẹ́ yín bí ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ yóò pé oṣù mẹ́ta.
5. Ta ni a lè bá ṣe àáró ẹran ní àdúgbò wa? Ẹ kọ orúkọ ẹni mẹ́ta.